Eérú Ìlú Òyìnbó àti Ọṣẹ Tí Kò Hó

Ní Akotogbo nígbà èwe mi, gbogbo ibi tí ojú kò tó ni Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá ti kọjá òkun, Lọ́ńdọ̀nù ló lọ. Nítorí náà, bí mo bá ń ṣàlàyé fún àwọn ará ilé pé ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo gbé fún ọdún mẹ́fà, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Lọ́ńdọ̀nù." Mo ti jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi ìlú ńlá ta lọ́rẹ kì í dá a padà.

Mo lọ ní bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn òmìnira. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí ilé ìwòsàn fi rí i pé bí mo bá ti fojú kan ẹ̀jẹ̀, èmi gan-an ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ sọ fún mi pé kí n wá nǹkan mìíràn ṣe. Nǹkan mìíràn náà ni kantíìnì ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, níbi tí mo ti ń bu oúnjẹ fún àwọn ọkùnrin tó ń kó èédú sínú iná. Mo kọ̀wé sí ìyá mi pé ibi tí wọ́n ti ń dáná fún gbogbo ìlú ni mo ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ó lọ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ló ń se oúnjẹ gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. N kò tún un ṣe.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún mi ni pé èèyàn lè máa ṣiṣẹ́ kí ẹlòmíràn kọjá lára rẹ̀ láì kí i. Ọkùnrin kan á máa gbẹ́ kòtò lójú títì, oòógùn á bò ó, àwọn èèyàn á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé òpó iná ni. Ara mi kò gbà á. Mo wá gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí mo lè fi kí i, n kò rí i. Wọ́n ní ti àárọ̀, wọ́n ní ti ọ̀sán, wọ́n ní ti alẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní nǹkan kan fún ẹni tó ń làágùn. Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè abínibí mi kí gbogbo wọn. Mo kí agbẹ́kòtò, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Mo kí ẹni tó ń pín lẹ́tà, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Mo kí àwọn tó ń kó èédú. Kí oṣù méjì tó pé, àwọn ọkùnrin inú kantíìnì ti ń fi dá mi lóhùn, wọ́n ń pè é bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo bu ọ̀dùnkún kún oúnjẹ wọn, ọ̀gá kantíìnì sì bá mi wí.

Ilé iṣẹ́ náà ń jó èédú láìsinmi, eérú rẹ̀ kì í sì í ṣe irú eérú tí mo mọ̀. Ó kúná ju ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n jọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì rí bí ìyẹ́ ẹyẹlé. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí, ó ti gbéra. Wọ́n ń fi omi rọ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí kòtò ńlá kan, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó ìyókù lọ dà sórí òkìtì kan tó ti ga ju ṣọ́ọ̀ṣì ìlú lọ. Ọjọ́ tí atẹ́gùn bá ti ọ̀hún fẹ́ wá, aṣọ tí a fọ̀ tí a sá á tún di aṣọ tí a ó fọ̀. Opó tí mo háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ á jáde síta, á wo okùn aṣọ rẹ̀, á wo òkìtì eérú, á wá wo ojú ọ̀run bí ẹni tó fẹ́ pe Ọlọ́run lẹ́jọ́. Odò kékeré tó gba ìdí òkìtì náà kọjá ti di ẹrẹ̀. Àwọn àgbà ní àwọn ń pẹja níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo lò, n kò fojú kan ẹja kan ṣoṣo.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n ń sọ eérú nù. Olóṣẹ ni ìyá mi. Bí àwa ará Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá ni mo ń pè é, Iye. Iye kì í sọ nǹkan kan nù lára ọ̀pẹ. Ẹyìn á di epo, ekùrọ́ á di àdín, háhá ẹyìn á di ohun tí a fi ń tanná. Ìdì tí a ti gbọn ẹyìn kúrò lára rẹ̀ á gbẹ lóòrùn, a ó jó o, eérú rẹ̀ á sì di ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń wá rà láti Àjàgbà àti Iyansan. Bí o bá gbá eérú nù lójú Iye, ìwọ àti ebi lẹ ó jọ sùn. Èmi sì kórìíra eérú náà tọkàntọkàn. Nígbà tí ẹgbẹ́ mi ń ṣeré, èmi ń sẹ́ omi eérú, imú mi a máa yún mi. Bí Iye bá ti yíjú báyìí, mo ti sá lọ. Bí mo ṣe kọ́ iṣẹ́ ọṣẹ nìyẹn. Mo mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo mọ ìparí rẹ̀, àárín ló fò mí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ kí mi kí n tó kí i ní ìlú yẹn. Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni mo sọ ọ́. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ṣe fún ogójì ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló sì mọ ìdajì ilé tó wà ní àdúgbò wa. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà ní Kánádà. Ó ku òun àti oko ẹ̀fọ́ rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀ kéékèèké tí káńsù pín fún àwọn ará ìlú lẹ́bàá odò, ní abẹ́ òkìtì eérú gan-an. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ń wo bó ṣe ń tulẹ̀, mo sì ń ṣe bí ẹni tó kàn ń kọjá.

Ó ní, "Ṣé o mọ ọkọ́ mú?"

Irú ìbéèrè wo nìyẹn! Mo bọ́ kóòtù, mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ebè mẹ́rin láì nàró. Bàbá wo ebè, ó wò mí, ó fi ẹnu páìpù tábà rẹ̀ tọ́ka sí igun ilẹ̀ náà. Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn di tìrẹ."

N kò mọ̀ pé omi máa bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ó bọ́. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti dé ìlú yẹn, kò sì sí ohun kan tí mo lè na ọwọ́ sí pé tèmi ni, àfi àpótí tí mo gbé wá.

Àgbàdo ni mo gbìn. Iye ti di ẹ̀kúnwọ́ kan mọ́ mi létí ìró, ó ní ẹni tó bá ní irúgbìn lọ́wọ́ kì í ṣe àlejò pátápátá. Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín títí. Ó ní àgbàdo ilẹ̀ gbígbóná kò lè gbó níbẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, òtítọ́ ni ó sọ. Ó ga dé àyà mi, òtútù dé, ó kú lórí ìdúró. Lọ́dún kejì, mo tètè gbìn ín sínú ife tíì lójú fèrèsé, mo wá gbé e lọ sóko nígbà tí oòrùn ti la ojú. Ó yọ ọmọ mẹ́ta. Mo tọ́jú ọ̀kan fún irúgbìn, mo jẹ ọ̀kan, mo fún Bàbá ní ọ̀kan, ó sì fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì jẹ ẹ́. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má baà dójú tì í.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo ń gbọ́ ohùn Iye lórí fóònù. A ó ti fi lẹ́tà dá ọjọ́ sílẹ̀ láti oṣù mélòó kan. Iye á wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, òun àti kátíkísì ṣọ́ọ̀ṣì wa á wọ ọkọ̀ akẹ́rù láti Akotogbo lọ sí pósí ọ́fíìsì Okitipupa, wọ́n á jókòó dè mí. Ìkíni ló máa ń jẹ ìdajì àsìkò náà.

"Ọma mi, ṣé ulé ibẹ̀ dáa? Ṣé uṣẹ́ ń lọ? Àgbàdo yẹn ńkọ́, ṣé ó yọmọ?"

"Ó yọ mẹ́ta, Iye. Ṣùgbọ́n ọṣẹ mi ti tán. Tiwọn ń mú ara mi gbẹ hán-ín hán-ín."

"Ọṣẹ tán? Ṣé wọn kì í dáná níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n ń dáná, Iye."

"Ṣé iná wọn kì í ní eérú ni?"

"Ó ní, Iye. Eérú wọn ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ."

Mo rò pé wáyà ti já. Ó wá ní, "O jókòó ti eérú tó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì, o ń sunkún ọṣẹ sí mi létí. Kátíkísì, ẹ gba nǹkan yìí lọ́wọ́ mi." Bí ti ọdún yẹn ṣe parí nìyẹn.

Ìtìjú kò jẹ́ kí n jókòó. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé korobá méjì lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wa, mo ní mo fẹ́ bu eérú. Aṣọ́nà ní kí n kó gbogbo òkìtì lọ bó bá wù mí. Mo gbé e lọ sí àhéré Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ nínú oko, nítorí n kò lè dán an wò nínú ilé onílé. Mo da omi sí i, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ. Eérú àti omi jọ gba inú aṣọ kọjá, wọn kò ya ara wọn. Mo fi aṣọ méjì lé e, wọ́n ṣì jọ kọjá. Mo wá ṣe ohun tí Iye máa ń ṣe. Iye máa ń fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò, bí kò bá ta á lẹ́nu, kò tíì tó. Mo tọ́ ọ wò. Bí ìgbà tí èèyàn lá òkúta ni.

Mo wo yíká inú àhéré, mo rí àpò kan tí ẹ̀tù funfun wà nínú rẹ̀. Mo fi ọmọ ìka bù ú, mo fi kan ahọ́n. Ó ta mí débi pé mo pariwo. Mo ní, "Ẹ wo eérú gidi níbí!" Mo da èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sínú korobá, mo fi igi rò ó títí apá fi ń ro mí. Ó ki, ṣùgbọ́n kò fà, kò sì dà bí ọṣẹ. Ìgò epo pupa kan ṣoṣo ló kù fún mi láyé, n kò sì lè da epo Akotogbo sórí ohun tí kò dá mi lójú. Inú bí mi. Mo fi ọwọ́ bù ú, mo ṣù ú sí ìṣù mẹ́ta roboto roboto bí púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa tí a ń yan lórí èéfín, mo fi àpò tútù wé wọn, mo da páànù bò wọ́n ní kọ̀rọ̀ àhéré. Mo ní n óò padà wá wò wọ́n, n kò sì padà wò wọ́n. Ahọ́n mi bó fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọkùnrin kantíìnì rò pé mò ń ṣàìsàn, nítorí n kò kí ẹnikẹ́ni kú iṣẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ọgbà oko ẹ̀fọ́. Kòtò eérú ti kún. Ilé iṣẹ́ fẹ́ gba gbogbo ilẹ̀ ẹ̀bá odò náà kí ọdún tó parí, kí wọ́n lè máa da eérú síbẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ kà á tán, ó tún un kà, ó bọ́ dígí ojú rẹ̀ sápò, ó padà sídìí èpò tó ń tu. Lẹ́yìn náà, ó nawọ́ sí igi kan lẹ́yìn àhéré.

Ó ní, "Ìyàwó mi ló gbin igi ápù yẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń bá a tu èpò.

Ní kantíìnì lọ́sẹ̀ yẹn, ẹnjiníà ọ̀dọ́ kan wà tó máa ń fi dígí nípọn sójú, tó sì máa ń bá gbogbo ẹni tó bá jókòó tì í sọ̀rọ̀ eérú títí oúnjẹ rẹ̀ á fi tutù. Gbogbo ènìyàn a máa sá fún un. Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo gbé àwo dúró tì í. Ó ní àwọn kọ́lékọ́lé fẹ́ kọ́ ilé ìwé tuntun fún ìlú. Bí káńsù bá gbà kí wọ́n fi eérú rọ́pò díẹ̀ lára sìmẹ́ńtì inú kọnkéré rẹ̀, àwọn mìíràn á tẹ̀ lé wọn, ọkọ̀ eérú á máa jáde lọ ìta dípò kó máa lọ sórí òkìtì.

Mo ní, "Oko ẹ̀fọ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Kí la tún fẹ́ fi í ṣe?" Ó wá fi ṣíbí tò ó sórí tábìlì fún mi. Òkúta ni wọ́n ń wà jáde látinú òkè kí wọ́n tó rí sìmẹ́ńtì, wọ́n á sì sun ún nínú iná ńlá. Ìwọ̀n eérú tí wọ́n bá fi rọ́pò rẹ̀, òkè tí wọn kò wà nìyẹn, èédú tí wọn kò jó nìyẹn. Eérú tó bá sì ti wọ inú ògiri kò ní fò sórí aṣọ ẹnikẹ́ni, kò ní dí odò. Ó ní àléébù rẹ̀ kan ni pé kì í yára le. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, á máa ṣe bí ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá ṣe ń gorí oṣù, á máa le sí i, omi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ráàyè wọ inú rẹ̀.

Mo sáré dé oko pẹ̀lú ìròyìn yìí bí ẹni tó gbé owó orí wá. Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

Ó ní, "Rárá. Eérú ni ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí nǹkan ti parí. Ogójì ọdún ni mo fi mọlé, n kò fi ìdọ̀tí mọ ọ̀kan rí. Ilé ìwé àwọn ọmọdé ni o! Ṣé kí oko mi má baà lọ, kí ògiri wá wó lu ọmọ ọlọ́mọ?"

"Bàbá, ẹnjiníà ní—"

"Ẹnjiníà kò tíì dàgbà tó àpò irinṣẹ́ mi. Mo máa sọ bẹ́ẹ̀ fún káńsù níbi ìpàdé wọn, níwájú gbogbo ìlú."

Mo mọ̀ pé bó bá sọ ọ́, wọ́n á gbọ́. Òun ló mọ ilé tí wọ́n ń sùn sí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ oko náà dùn jù ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ gbé e fún eérú, nítorí pé olóòótọ́ ni. Inú bí mi sí i, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, nǹkan méjèèjì kò jẹ́ kí n jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, mo lọ sí àhéré láti kó àwọn nǹkan mi. Ó ti lé ní oṣù méjì tí mo ti ṣe ọṣẹ ìbínú yẹn, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Mo fi ìkanra ta páànù inú kọ̀rọ̀ nípàá. Páànù yí dànù. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò mira, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí mo jókòó sílẹ̀ tí mo ké tán, mo tú àpò náà wò. Ìṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀ bí mo ṣe ṣù wọ́n, àmì ìka mi ṣì wà lára wọn. Mo fi ọ̀bẹ há ọ̀kan, ọ̀bẹ yọ̀. Mo sọ ọ́ lu òkúta ẹnu ọ̀nà, ó dún gbó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ní èmi nìkan nínú àhéré pẹ̀lú omijé lójú, mo gbé ọ̀kan sínú báàgì, mo sì mú òòlù Bàbá mọ́ ọn.

Gbọ̀ngàn káńsù kún lọ́sàn-án yẹn. Ẹnjiníà sọ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ dé ìdí. Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ dìde, ó sọ tirẹ̀ ṣókí, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Alága fẹ́ máa pa ọ̀rọ̀ dé. Mo rí i pé mo ti dìde. N kò tíì sọ̀rọ̀ rí láàárín òyìnbó tó ju mẹ́ta lọ. Mo rìn lọ síwájú, mo gbé ìṣù náà kalẹ̀ sórí tábìlì, mo gbé òòlù tì í.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ́ ọ."

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Ó mú òòlù, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. Òòlù ta padà. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ó bọ́ kóòtù, ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ tábìlì yẹ̀, ìwé alága dà sílẹ̀. Èérún kan tó tó ẹyọ ẹ̀wà ló ré kúrò lára ìṣù náà.

Ó ní, "Kí nìyí?"

"Eérú wọn ni, Bàbá. Eérú àti omi. Àti ẹ̀tù funfun inú àpò yín."

"Ẹfun òkúta sísun tí mò ń wọ́n sílẹ̀ oko? Ìwọ lo kó ẹfun mi? Mo ti ń bá aládùúgbò mi jà lórí rẹ̀ láti ìgbà yẹn!" Aládùúgbò náà nàró lẹ́yìn, ó ní kí gbogbo ìlú gbọ́. Bàbá ní, "Kí lo fẹ́ fi kọ́?"

Kò sí ibi tí mo lè sá gbà. Mo ní, "N kò fẹ́ kọ́ nǹkan kan, Bàbá. Ọṣẹ ni mo fẹ́ ṣe."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí ẹnjiníà fi bọ́ dígí ojú rẹ̀ tó ń nù ún. Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìṣù náà súnmọ́ fèrèsé, ó fi itọ́ rin ín, ó fi àtàǹpàkò rà á, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, bí bíríkìlà ṣe ń wo ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó sọ̀rọ̀ láì kọjú sí ẹnikẹ́ni.

"Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ mi rárá, tó ń wá ọṣẹ, ló ṣe èyí. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wá ṣe é ńkọ́?" Ó mú kóòtù rẹ̀. "Ẹ dán tiyín wò níṣojú mi. Bó bá yege, n kò ní ọ̀rọ̀."

Ó sì jókòó tì wọ́n lóòótọ́. Lóṣooṣù ni wọ́n ń gbé kọnkéré onígun mẹ́rin sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi fọ́, Bàbá á fa páìpù rẹ̀ tì wọ́n, á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, eérú náà ṣe ọ̀lẹ bí wọ́n ṣe wí, ojú mi sì rẹ̀ wálẹ̀. Ní oṣù kẹta, ó ti lé èkejì rẹ̀ tí kò ní eérú bá, kò sì dúró dè é. Wọ́n fi kọ́ ilé ìwé. Ọkọ̀ akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í kó eérú lọ, òkìtì dúró lójú kan, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Bàbá fúnra rẹ̀ ló já ìwé ara ọgbà kúrò, ó sì fi tanná sí páìpù rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tó ṣe mí ní ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí mo rò pé ìlú yẹn kò ní gbà mí láé. Mo fẹ́ kó gbà mí lọ́sẹ̀ tí mo dé. Àwọn nǹkan kan wà tí kì í yára le, tí wọn kò sì bàjẹ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Iye lórí fóònù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò dá sí ọ̀rọ̀ ilé ìwé.

"Ṣé ọṣẹ náà hó?"

"Kò hó, Iye."

"Mo mọ̀. Eérú èédú kì í ṣe eérú ọ̀pẹ. O kò bi mí."

"Ẹ ti gbé fóònù fún kátíkísì, Iye."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn, mo sì fẹ́ kí gbogbo ìṣẹ́jú tó kù jẹ́ tirẹ̀. Ó wá ní, "Oko náà ńkọ́, ọma mi?"

"Ó wà níbẹ̀, Iye."

"Ó dáa. Gbé òkúta rẹ bọ̀ wálé kí n rí i."

Mo gbé e bọ̀ lóòótọ́, nígbà tí ogun abẹ́lé parí tí mo sì rí i pé ilé ń pè mí. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ fún Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó fi ń dá ilẹ̀kùn àhéré rẹ̀ dúró. Èyí tó lù wà lọ́wọ́ ẹnjiníà. Ẹ̀kẹta ni Iye fi ń pa ekùrọ́ lẹ́yìnkùlé wa ní Akotogbo. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, á pè é: "Ẹ wá wo ọṣẹ tí ọma mi ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù!" Mo ti dákẹ́ lórí ìyẹn náà.

Ilé kò rọrùn bí mo ṣe rò. Wọ́n ní mò ń fi imú sọ̀rọ̀, wọ́n ní mò ń rìn kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lọ́jọ́ kan, mo gba ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin kan tó ń gé ìdì ẹyìn kọjá láì kí i, ọkàn mi wà níbòmíràn. Ó ké sí mi lẹ́yìn pé, "Àlejò, ẹ̀yin náà ẹ kú ìrìn o!" Mo padà lọ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi wọlé, ó sì dùn mí ju ahọ́n tó bó lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ dé. Ó fi "Ẹ kú iṣẹ́ o" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó ṣe ń gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́, ó sì gbà mí ní àkókò kí n tó dá a mọ̀. Ó ní ògiri ilé ìwé kò sán, òun ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù nítorí òun kò tíì gba ẹnjiníà gbọ́ tán. Ó ní orúnkún ń dun òun, igi ápù so, ọmọdékùnrin ẹnì kan sì ní òun rí ẹja nínú odò, òun ń lọ wò ó. Nínú ìwé tó ká sí méjì, ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan wà, láti igun tí ó ṣì ń pè ní tèmi.

Mo da àgbàdo náà sí ọwọ́ Iye. Ó gbé ìṣù òkúta rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣa ẹyọ kan, ó jù ú sẹ́nu, ó rún un pẹ̀lú ojú dídì, bó ṣe máa ń tọ́ omi eérú wò. Mo dúró tì í, mo ń retí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún.

Ó ní, "Òtútù ti mú un díẹ̀. Ṣùgbọ́n tiwa ni."

Ó wá wo èmi náà láti òkè délẹ̀, ó gbọn ìró rẹ̀, ó dìde.

"Gbé ọkọ́ wá."